Àga Tí Mùnírà Fi Ń Kírun

Ẹ má wá Mùnírà lọ sí Ìrè-Èkìtì o, ẹ ò ní rí i. Mo ti yí orúkọ rẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí ó ti bẹ̀ mí. Ìtàn rẹ̀ ni mi ò yí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n má bo ohunkóhun mọ́lẹ̀, pé nǹkan bíbò ló gbé òun dé ibi tí òun dé.

Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú lójú ọ̀nà Ìrè sí Ọ̀yẹ́, òun àti apẹ̀rẹ̀ èlùbọ́ tó ń gbé lọ sọ́jà. Èlùbọ́ fọ́n ká, ìyẹn ṣì ṣeé kó jọ. Wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n ní egungun kankan kò kán. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà ni ìrora ti jókòó sí ìbàdí rẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa lọ.

Kò lè gúnyán mọ́. Kò lè kúnlẹ̀ kí àgbà. Èyí tó wá dùn ún jù ni pé kò lè forí kanlẹ̀ kírun. Orí àga ló ti ń kírun, àga rọ́bà aláwọ̀ búlúù kan tí ìyá ọkọ rẹ̀ rà fún un. Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá pé, màmá yìí ni yóò gbé àga náà rù, ó di mọ́sálásí, Mùnírà á sì máa tẹ̀ lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́ ní ìbàdí.

Ẹ tún un gbọ́ o. Ìyá ọkọ ló ń ru àga, ìyàwó ló ń rìn lọ́wọ́ òfo.

Àwọn obìnrin àdúgbò á ní, "Ìyá Àhmọ́dù, ṣé ìyàwó lọmọ yín fẹ́ ni, àbí ọba lẹ fi jẹ?"

Màmá á rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí ara ń dùn ni mo ń ru àga fún. Ẹ jẹ́ n ru àga mi."

Obìnrin kan ní Ọ̀yẹ́ ni Ọlọ́run wá fi ṣe sàbábí. Olùkọ́ ni ní yunifásítì, Dọ́kítà Rẹ̀mílẹ́kún ni wọ́n ń pè é, ti ìwé ni o, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Èjìká kan tó ti ń dà á láàmú tipẹ́ ló sọ ọ́ di ẹni tó lọ kọ́ yógà. Nígbà tó rí ìtura níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin mìíràn tí ara ń ro, nínú gbọ̀ngán kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, ní ọjọ́ Sátidé. Oníbàárà èlùbọ́ kan ló júwe ibẹ̀ fún Mùnírà.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Mùnírà dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò padà.

"Mà, ẹ má bínú. Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn nìyí?"

"Ta ló fún ẹ ní èémí tó o fi ń béèrè?" ni Dọ́kítà fi dá a lóhùn.

"Ọlọ́run ni, mà."

"Èémí yẹn náà ni mo fẹ́ kó o máa gbọ́. Wọlé. Mí sínú."

Bó ṣe wọlé nìyẹn. Wọ́n á fọwọ́ fẹsẹ̀ balẹ̀ lórí ẹní, wọ́n á gbé ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó ń bínú, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Wọ́n á jókòó lé gìgísẹ̀, wọ́n á na ọwọ́ síwájú títí iwájú orí á fi máa wá ilẹ̀. Àwọn tí kò bá lè dé ilẹ̀ á lo àga. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Màmá Esther, orí àga ló ti ń na tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ má bá ìrora jà," ni Dọ́kítà máa ń sọ fún wọn. "Ibi tó bá ti ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró, ẹ mí. Bó bá gbà, ẹ kọjá. Bí kò bá gbà, ẹ padà sẹ́yìn."

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó sọ fún Mùnírà ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ dì í mú o, a ó padà débẹ̀. Ó ní, "Èyí kì í ṣe idán. Irú ìrora tiwa yìí, ó lè lọ, ó sì lè padà wá. Sọ fáwọn ará ilé ẹ pé ọjọ́ kan á dára, ọjọ́ kan ò ní dára, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n á ṣe máa wò ẹ́."

"Mo gbọ́, mà," ni Mùnírà wí. Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni ni.

Oṣù ń gorí oṣù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n pe ìrun àsùbáà, Mùnírà wà nínú yàrá òun nìkan. Ó wo àga. Ó wo ẹní. Ó ti àga sẹ́yìn. Ó dúró, ó tẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó forí kanlẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ kan ẹní, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó pẹ́ níbẹ̀, omijé ń ṣàn wọ inú ẹní. Nígbà tó kírun tán, ó sáré jáde láti lọ sọ fún gbogbo ilé.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló dé tó fi dúró.

Màmá ń dáná. Fàtíà, àbúrò ọkọ rẹ̀, ń fọ àwo, ó ń kùn, nítorí kí Mùnírà tó ṣubú, Fàtíà kì í fọ àwo. Mùnírà ló ń fọ ọ́. Mùnírà ló ń pọnmi, òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń gúnyán àárọ̀ àti alẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ pé ó ṣeun, nítorí ìyàwó ilé ni. Láti ìgbà tó ti ṣubú ni wọ́n ti ń bi í léèrè pé ṣé ó sùn dáadáa.

Ó rò ó lójú ẹsẹ̀ pé, "Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, kí ọjọ́ tó kanrí, ọmọ odó á ti wà lọ́wọ́ mi." Ìrònú kejì tẹ̀ lé e: "Bí ìrora bá wá padà ńkọ́? Ta ni yóò tún gbà pé mo nílò àga?"

Ìrònú kejì yìí kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ẹ̀rù ni. Ẹni tí ara ò bá ro rí kò lè mọ̀ ọ́n.

Màmá gbójú sókè. "Ìyàwó mi, o jí ire? Ùbàdí ńkọ́?"

Ọwọ́ Mùnírà lọ sí ìbàdí. Òun gan-an kò mọ ìgbà tó débẹ̀.

"Ó ṣì ń dùn mí, Màmá."

"Pẹ̀lẹ́. Lọ jókòó."

Ó lọ jókòó. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé lọ́la ni òun yóò sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti purọ́ rí, ẹ mọ irú ọ̀la bẹ́ẹ̀. Kì í mọ́. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di lẹ́yìn ààwẹ̀, lẹ́yìn ààwẹ̀ tún di lẹ́yìn Iléyá.

Ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́. Ó ń dìde, ó ń jókòó. Bí ẹsẹ̀ bá dún níta, á yára fọwọ́ kan ìbàdí. Bí ó bá ti kírun tán lórí àga lójú àwọn ará ilé, á wọ yàrá lọ, á tilẹ̀kùn, á tún un kí ní ìforíkanlẹ̀, torí ó mọ̀ pé ti orí àga yẹn, àwọn èèyàn lòun kí i fún. Ìrun rẹ̀ di méjì méjì, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ lórí ọ̀kankan.

Irọ́ ìrora tún nira láti rántí. Ọjọ́ kan, Fàtíà wò ó títí, ó ní:

"Ìyàwó wa, àná, apá òsì lo dì mú. Lónìí, apá ọ̀tún ni. Àbí ó ti kó lọ sílé kejì ni?"

"Ó máa ń rìn kiri ni, Adúmáadán." Orúkọ tí Mùnírà fi ń pè é nìyẹn, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ.

"Ó ń rìn kiri," ni Fàtíà wí. "Kó máa ṣọ́ra kó má ṣìnà."

Ní gbogbo àsìkò yìí, Màmá ló ń gúnyán. Àhmọ́dù, ọkọ Mùnírà, bíríkìlà ni, Ìkọ̀lé ló ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Iyán tí Fàtíà bá sì gún, kókó inú rẹ̀ tó fi ta ayò. Nígbà tí Àhmọ́dù sọ pé kí wọ́n máa tẹ̀bà jẹ, Màmá wò ó bí ẹni tó sọ̀rọ̀ òdì.

"Kí n bí ọ sí Ìrè, kí n wá fi ẹ̀bà sùn? Uyán la ó jẹ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mùnírà jókòó sínú yàrá, ó ń gbọ́ odó. Ó ṣàkíyèsí pé odó ń dún, ó ń dákẹ́. Ó tún dún, ó tún dákẹ́, ìdákẹ́ náà sì ń gùn sí i. Ó yọjú. Màmá fi ọmọ odó ti ilẹ̀, ó dì í mú bí ọ̀pá, ọwọ́ kejì wà ní ìbàdí. Ibi tí Mùnírà máa ń di tirẹ̀ mú gẹ́lẹ́ ni.

"Màmá, kí ló ṣe yín?"

"Àgbà ni. Má wulẹ̀ dìde, o ó tún dá ara rẹ lágara."

Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó fẹ́ sáré lọ gba ọmọ odó náà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó rántí bí òun ṣe kérora láàárọ̀ nígbà tí òun ń bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lójú Màmá yìí kan náà, ó sì dá ẹsẹ̀ padà.

Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń fi ògiri dìde. Ó ń fi rọ́bù para, gbogbo ilé ń gbóòórùn rẹ̀. Síbẹ̀, bí Jímọ̀ bá dé, á gbé àga rù. Mùnírà á ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbé e." Màmá á ní, "Pẹ̀lú ùbàdí wo?"

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Màmá pè é jókòó. Ojú ń tì í díẹ̀, bí ojú ṣe máa ń ti àgbà tó fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé.

"Ìyàwó mi, obìnrin Ọ̀yẹ́ tó ń bá ọ na ara un, ṣé kò lè bá mi na tèmi náà? Mú mi dání ní Sátidé."

Mùnírà rí gbọ̀ngán náà lójú ọkàn rẹ̀, ó rí Dọ́kítà tí yóò sọ pé, "Mùnírà, bọ́ síwájú, fi han àwọn èèyàn," ó rí Màmá tí yóò jókòó máa wò ó. Ẹnu rẹ̀ yá ju orí rẹ̀ lọ.

"Wọn kì í gba àgbàlagbà níbẹ̀, Màmá. Wọ́n ní egungun àgbà lè ṣẹ́."

"Háà," ni Màmá wí. "Ó dáa. Bí mo bá ti dàgbà ju ìwòsàn lọ, n ó máa fi rọ́bù mi para."

Nígbà tí Mùnírà sọ ibí yìí fún mi, mo gbé bírò sílẹ̀. Mo ní, "O sọ bẹ́ẹ̀ fún un?" Ó ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀." Inú bí mi, mi ò ní parọ́ fún yín. Kéèyàn sinmi díẹ̀ lórí irọ́, mo lè gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n kí o rí omi, kí o mu, kí o wá sọ fún ẹni tó ń ru àga rẹ pé kànga ti gbẹ!

Ní Sátidé náà, Mùnírà jókòó ti Màmá Esther nínú gbọ̀ngán, kò sì lè wo ojú ìyá náà. Dọ́kítà bi í pé, "Ṣé o ti sọ fún wọn nílé pé ara ti ń dá?" Ó ní, "Wọ́n mọ̀, mà."

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni Ọlọ́run mú un.

Fàtíà fẹ́ lọ rajà ní Ọ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Màmá ní òun á bá a lọ. Fàtíà ló padà sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó bi Màmá pé kí ló fẹ́ lọ ṣe, ìyá náà sì na ọwọ́ sí àga rọ́bà tó wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀.

"Orí ulẹ̀ lásán ni wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ yìí jókòó sí, ó sọ fún mi. Wọ́n lè má gba àgbà, wọn ò ní lé àga. Kí wọ́n ṣáà gbà á lọ́wọ́ mi, n ó máa padà bọ̀."

Bí ìyá àgbà ṣe gun ọ̀kadà láti Ìrè nìyẹn, ó gbé àga lé ẹsẹ̀, ìbàdí tó ń dùn ún sì ń jó lórí gbogbo gegele ojú ọ̀nà.

Nínú gbọ̀ngán, àwọn èèyàn tuntun wá lọ́jọ́ náà. Dọ́kítà pe Mùnírà síwájú.

"Ẹ wo obìnrin yìí. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, kò lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà ara rẹ̀. Mùnírà, fi hàn wọ́n."

Mùnírà fi hàn wọ́n. Ó gbé ẹ̀yìn sókè, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ó jókòó lé gìgísẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú, ó forí kanlẹ̀. Ó dìde dúró, ó wá tẹ̀ síwájú títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi balẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ibẹ̀ nìkan ni kò ti ní ohun tó ń fi pamọ́.

Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀, orí ní ìsàlẹ̀, nígbà tó rí ẹnu ọ̀nà láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Gbogbo ayé dorí kodò. Ó rí ẹsẹ̀ àga mẹ́rin, aláwọ̀ búlúù. Ó rí ẹsẹ̀ méjì kan nínú sálúbàtà, àwọn ẹsẹ̀ tó ti ń rìn tẹ̀ lé láti ọjọ́ yìí lọ sí mọ́sálásí.

Ó yára dìde. Ó wá ìrora láti fi bojú, kò rí i. Ara rẹ̀ yá gágá, ó sì dúró ṣanṣan níwájú gbogbo wọn.

Màmá wọlé. Ó gbé àga sí àárín gbọ̀ngán, ó fi ìborùn rẹ̀ nu eruku ojú ọ̀nà kúrò lórí rẹ̀.

"Jókòó, Mùnírà," ló wí. "Mo gbé àga rẹ wá."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, ìyá yìí kò pè é lórúkọ rí. Ìyàwó mi ló ń pè é.

Dọ́kítà Rẹ̀mílẹ́kún kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó fi ẹ̀rín kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Àwa là ń wá yín o! Ṣé ẹ ń rí bí ọmọ yín ṣe ń ṣe dáadáa?"

"Mo rí i," ni Màmá wí. Ojú rẹ̀ ti dúró lára Màmá Esther, tó na ọwọ́ sókè lórí àga. "Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń gba àgbàlagbà níbí?"

"Háà, Màmá! Àwọn àgbà gan-an là ń wá. Àwọn ni wọ́n ni àga."

"Ẹ ṣeun."

Màmá yí padà, ó fi ògiri rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Fàtíà ló kù sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Adúmáadán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé…"

"Má pè mí ní Adúmáadán mọ́. Fàtíà ni mò ń jẹ́. Mo fọ àwo, mo fọ aṣọ ẹ, mo ní ó ń ṣàìsàn ni. Tèmi ò sì dùn mí. Ìyá mi lo jẹ́ kó fi ẹ̀yìn ẹ̀ gúnyán fún ẹ!"

Mùnírà gbé àga náà rù fúnra rẹ̀ wọ Ìrè. Àwọn obìnrin àdúgbò rí i, kò sì sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ délé.

Nígbà tí Àhmọ́dù gbọ́, kò pariwo. Ó bi í pé, "Èmi náà ńkọ́? Ṣé o ò lè sọ fún èmi?" Mùnírà kúnlẹ̀ níwájú Màmá, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀ àsùbáà ọjọ́ náà títí dé irọ́ egungun àgbà. Màmá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Mo gbọ́." Kò ní òun dárí jì í. Kò sì ní òun ò dárí jì í.

Mùnírà wá bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè náà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó gúnyán àárọ̀, ó gún ti alẹ́. Ó pọnmi, ó fọ àwo, ó fọ aṣọ Fàtíà tí kò ní kó fọ̀ ọ́. Ìtìjú kò jẹ́ kó lọ sí Ọ̀yẹ́ mọ́, kò sì na ara mọ́ nílé. Màmá ló ń lọ, òun àti Fàtíà, ní ọjọ́ Sátidé. Àga náà di ti Màmá. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Mùnírà ló ń rù ú, tí Màmá ń rìn níwájú.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ tí mo ní kẹ́ ẹ dì mú. Ó lè lọ, ó sì lè padà wá.

Ó padà wá. Ó kọ́kọ́ wá díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ìka kan ń tẹ èèyàn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kan ló gbàgbé ara rẹ̀, tó dá ọmọ odó dúró, tó fọwọ́ kan ìbàdí. Fàtíà ń kọjá lọ.

"Èwo ni ti òní? Ọ̀tún ni àbí òsì?"

Mùnírà gbé ọmọ odó padà. Ó ń gún un, ó ń sunkún, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú òun.

Ní Jímọ̀ kan, wọ́n wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé ní mọ́sálásí. Màmá wà lórí àga, Mùnírà wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lèmọ́ọ̀mù kábàrá, gbogbo wọn forí kanlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìrora ti gbá a mú. Kò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti já bọ́ lórí ọ̀kadà. Lèmọ́ọ̀mù tún kábàrá, gbogbo èèyàn gbórí sókè. Mùnírà kò lè gbé tirẹ̀.

Wọ́n kírun parí, wọ́n sálámà. Ó ṣì wà nílẹ̀.

Ó ń gbọ́ wọn. "Kí ló tún dé?" "Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni? Ó tún ti bẹ̀rẹ̀." Ohùn Fàtíà ló gbọ́ gbẹ̀yìn: "Ẹ fi í sílẹ̀, yógà ló ń ṣe." Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín.

Kò pariwo. Ariwo wo ni yóò pa tí kò tíì pa nígbà tí nǹkan kan ò ṣe é? Ó kàn forí sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń gbìyànjú láti mí.

Ó wá gbọ́ tí ẹsẹ̀ àga ń ha sìmẹ́ǹtì. Màmá ti sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ di àga mú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Ọ̀yẹ́, ó fọwọ́ balẹ̀, ó gbé ojú rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀ títí ó fi bá ti Mùnírà dọ́gba. Ó wo inú ojú rẹ̀.

"Mùnírà. Ṣé ti òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Màmá. Bí ẹ ò bá sì gbà mí gbọ́, mi ò ní bínú."

Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìbàdí rẹ̀, níbi tó ti ń dùn ún gan-an, láìjẹ́ pé Mùnírà júwe ibẹ̀ fún un.

"Obìnrin Ọ̀yẹ́ un ní ká má bá a jà. Mí sínú." Ó dúró. "Mí sóde."

Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń mí pọ̀, títí tí ìrora náà fi rọlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n bá Mùnírà gbé ara rẹ̀ sórí àga.

Nígbà tó tó àkókò láti máa lọ, ìyá kò lè ru àga, ìyàwó kò lè rù ú. Kò sí ẹni tó bẹ Fàtíà. Ó pòṣé, ó gbé àga ka orí, ó ṣáájú. "Ẹ máa bọ̀, ẹ̀yin oníbàdí," ló wí láìwẹ̀yìn.

Mùnírà di apá Màmá mú lójú ọ̀nà, Màmá náà sì di tirẹ̀ mú. Wọ́n rìn díẹ̀ kí ó tó rí ẹnu béèrè.

"Màmá, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Mo gbà ọ́ gbọ́ lónìí," ni Màmá wí. "Ti ọ̀la, o ó sọ ọ́ fún mi lọ́la."

Mùnírà ti padà sí Ọ̀yẹ́. Òun àti Màmá ló jọ ń lọ. Ìrora ń lọ, ó ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kìlọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kò dúró de ìbéèrè mọ́. Bí ó bá ti jí lówùúrọ̀, kó tó bu omi bọ́jú, á kọ́kọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá ọkọ rẹ̀. Nígbà mìíràn, á dúró níbẹ̀, á di férémù mú, á ní, "Màmá, ó dùn mí lónìí." Màmá á ní, "Jókòó."

Nígbà mìíràn sì rèé, á kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì á kan ilẹ̀.

"Kò dùn mí lónìí, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n gúnyán."